Ìyẹ̀wù Tanímọ̀la

Aago mọ́kànlá alẹ́ ni ọmọ ajá náà bẹ̀rẹ̀ sí í ké, kò sì dákẹ́ títí aago mẹ́rin ìdájí. Kì í ṣe irú igbe tí ènìyàn lè fi ìrọ̀rí bo etí sí kó sì sùn lọ. Igbe ọmọ tí wọ́n gbà lẹ́nu ọmú ìyá rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà ni. Àwa mẹ́ta jókòó yí páálí tí a tẹ́ aṣọ sí fún un ká, a ń wo ara wa lójú bí ẹni tó jí ọmọ ọlọ́mọ gbé. Bí a bá gbé e sáyà, á dákẹ́. Bí a bá gbé e padà sínú páálí, á tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́rin, ó ti tọ̀ sára ẹni méjì nínú wa, ó sì ti ṣu sórí ìwé àkọsílẹ̀ fonọ́lọ́jì ẹnì kẹta.

Aago mẹ́fà kò tíì lù tán tí Màmá onílé fi kan ilẹ̀kùn. A dọ̀bálẹ̀. Màmá kò dáhùn.

“Ṣé ajá ni mo gbọ́ lóru ni, àbí ọmọ tuntun?”

“Ajá ni, Màmá. Ẹ má bínú, mà.”

“Nínú yàrá?”

Kò sẹ́ni tó dáhùn nínú wa. Ọmọ ajá náà ló dá wọn lóhùn, ó jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó lọ tọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ Màmá gan-an. Màmá wo ìtọ̀ náà títí, wọ́n wá ní: “Oṣù kan ni mo fún yín. Bí oṣù kan bá pé tí eléyìí ṣì ń ké lóru, tàbí tí mo bá tẹ ìgbẹ́ rẹ̀ ní ọ̀ọ̀dẹ̀, ajá á jáde. Bí ajá ò bá sì jáde, ẹ̀yin àti ajá lẹ jọ máa jáde.”

Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta ọdún nìyẹn. Ẹni tó bá mọ bí ilé ṣe wọ́n tó ní Àgbọ̀wọ́ yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín.

Ẹ jẹ́ ká sọ bí ọ̀ràn ṣe dé ibẹ̀. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni yàrá wa wà, fèrèsé rẹ̀ sì kọjú sí ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé. Ẹ̀ẹ̀mejì láàárín sáà kan ni olè ti ojú fèrèsé na ọ̀pá wọlé, tó sì fi fa ohun ìní wa jáde. Fóònù méjì lọ, kọ̀ǹpútà alágbèéká kan lọ pẹ̀lú orí méjì nínú iṣẹ́ àpilẹ̀kọ ẹni tó ni ín. Nínú àwa mẹ́ta (a ò ní dárúkọ ara wa, ìlú kálukú la ó fi pè é), ará Ìṣẹ́yìn ló ní bàbá òun jẹ́ ọdẹ, pé abo ajá wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ mẹ́fà. Ará Òndó ní òun náà fara mọ́ ọn. Gbogbo wa yíjú wò ó nítorí ohun tí àwọn ènìyàn máa ń sọ nípa àwọn ará Òndó àti ẹran ajá. Ó búra pé ọ̀rọ̀ ọdẹ lòun ń sọ o, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọbẹ̀. Ará Ẹ̀gbá kò sọ nǹkan kan. Òun ni wọ́n jí kọ̀ǹpútà rẹ̀.

Bí ọmọ ajá ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ṣe wọ ọkọ̀ láti Ìṣẹ́yìn gba Mọ́níyà wọ Ìbàdàn nìyẹn, nínú páálí Indomie tí a lu ihò sí lára.

Ní ti orúkọ, àwa tí a ń kọ́ Yorùbá kò gbọdọ̀ sọ ajá ní Jack. Orúkọ ajá nílẹ̀ Yorùbá kì í ṣe orúkọ lásán. Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá wà lọ́kàn rẹ̀, tí kò lè sọ ọ́ sójú aládùúgbò rẹ̀, á fi ọ̀rọ̀ náà sọ ajá lórúkọ, á wá máa pè é láàárọ̀ lálẹ́, kí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn lè máa gbọ́. Ọjọ́ tí Màmá fún wa ní oṣù kan la sọ tiwa ní Tanímọ̀la. Orúkọ àtijọ́ ni, a ò ṣẹ̀dá rẹ̀. Nígbà àkọ́kọ́ tí Màmá gbọ́ ọ, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní, “Ṣé èmi lẹ ń bá wí?” A ní rárá o, Màmá. Wọ́n ní, “Ọlọ́run nìkan ló mọ̀ ọ́n,” wọ́n sì wọlé lọ. Láti ọjọ́ náà, bí a bá ti pe ajá, Màmá á dá a lóhùn láti inú yàrá wọn.

Ará Ẹ̀gbá ló kọ́kọ́ dárúkọ kéèjì. Ó ní òun ti rí i lórí YouTube pé àwọn òyìnbó máa ń fi kéèjì kọ́ ọmọ ajá nínú ilé, àti pé ajá náà á fẹ́ràn rẹ̀ débi pé á máa wọ inú rẹ̀ fúnra rẹ̀. Àwa méjì tó kù fò sókè. Kéèjì tí àwa mọ̀ ni kéèjì onírin tó wà lẹ́yìn ilé àwọn olówó, tí wọ́n ti ajá mọ́ láti àárọ̀ títí di alẹ́, tí ajá á máa yí po lójú kan, tí á máa gbó òjìji ara rẹ̀. Bí wọ́n bá ṣí i sílẹ̀ lóru, kò mọ ọmọ ilé yàtọ̀ sí olè. Ará Ìṣẹ́yìn ní títì mọ́lé kì í ṣe ẹ̀kọ́. Ó ní kí a rántí àlọ́ ọdẹ tó há sórí igi, tí àwọn ọ̀tá ń gé igi náà nísàlẹ̀, tó ń ké pe àwọn ajá rẹ̀ mẹ́ta tó so mọ́lẹ̀ nílé. “Ìso yẹn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọdẹ,” ló wí. Ará Ẹ̀gbá ní àlọ́ ni ìyẹn, ti Màmá onílé kì í ṣe àlọ́.

Àríyànjiyàn náà ì bá gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n a ní láti gbé Tanímọ̀la lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ní ọsibítù ẹranko tó wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, a sì bi dókítà tó dá wa lóhùn léèrè. Ohun tí obìnrin náà sọ fún wa kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, ṣùgbọ́n ó tú wa lójú.

Ó ní ajá kì í fẹ́ ṣu tàbí kó tọ̀ síbi tó ń sùn. Láti kékeré ló ti wà lára rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló máa ń lá ìdí àwọn ọmọ rẹ̀ mọ́ nígbà tí wọn kò tíì lajú, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti ń lè rìn, ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àwọn fúnra wọn á máa wọ́ kúrò lórí ibùsùn kí wọ́n tó ṣe é. Orí ìwà yìí ni kéèjì dúró lé. Kì í ṣe irin ló ń kọ́ ajá. Nítorí náà, kò gbọdọ̀ tóbi jù. Kí ajá lè dúró nínú rẹ̀ láìtẹ orí ba, kí ó lè yí padà, kí ó lè na ẹsẹ̀ bó bá dùbúlẹ̀, ó tó. Bó bá tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ, á fi igun kan sùn, á fi igun kejì ṣe ṣáláńgá. Ó ní ọmọ oṣù méjì kò lè mú ìtọ̀ dání ju wákàtí méjì sí mẹ́ta lọ, pé bí a bá ti i mọ́bẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, tó wá tọ̀ sórí ibùsùn rẹ̀, àwa la kọ́ ọ ní ìdọ̀tí. Ó ní kí a má ṣe fi okùn sí i lọ́rùn nínú kéèjì, kó má baà fi há irin. Ó ní kí a má ṣe fi kéèjì jẹ ẹ́ níyà láéláé. Bó bá jẹ bàtà wa, kí a mú bàtà kúrò nílẹ̀.

Ó wá ní kí a ṣọ́ra fún ooru. Ajá kì í làágùn bí ènìyàn, ẹnu ló fi ń mí ooru jáde. Bí afẹ́fẹ́ kò bá sí níbi tí a tì í mọ́, kò ní pẹ́ kú.

A dá owó, a lọ bá jórinjórin. A ní kó ṣe é ní ẹsẹ̀ bàtà méjì gígùn. Ó wo Tanímọ̀la, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tó tóbi bí ọwọ́ ọmọdé, ó ní, “Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ajá yìí máa dàgbà o. Ṣé ẹ máa padà wá ná owó míì ni?” Nígbà tí a padà lọ gbé e, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta ààbọ̀ la bá níbẹ̀. Jórinjórin ti ṣàánú wa. Alẹ́ ọjọ́ kejì ni Tanímọ̀la fi hàn wá pé òótọ́ ni dókítà sọ: igun ọ̀tún, oorun, igun òsì, ṣáláńgá. A wá pákó kan, a fi wáyà dè é sáàárín, a gé kéèjì náà sí méjì. Láti òru ọjọ́ yẹn ni ìtọ̀ inú kéèjì ti dáwọ́ dúró.

Orúkọ kéèjì náà tún dá ìjà sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo la gbọ́dọ̀ máa lò bí a bá fẹ́ kí ajá wọlé, kí ẹnì kan má sọ “wọlé” kí ẹnì kejì sì máa sọ “ó yá, lọ sùn”. “Kéèjì” kò wu ará Ìṣẹ́yìn. Àgò, ti adìyẹ ni. Ẹnì kan ní “túbú”, a ní kó dákẹ́. Ará Òndó ló ṣáà sọ pé bí bàbá àgbà òun bá fẹ́ kí àlejò má yọ òun lẹ́nu, ìyẹ̀wù ni wọ́n máa ń wọ̀ lọ, kò sì sẹ́ni tó gbọdọ̀ tẹ̀ lé wọn débẹ̀. A mú un. Ìyẹ̀wù. Ó sì di òfin láàárín wa: bí Tanímọ̀la bá ti wà ní ìyẹ̀wù, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ na ọwọ́ wọ ibẹ̀ lọ fà á jáde, ìbáà jẹ́ ọ̀rẹ́ wa tó wá wò ó láti Kuti Hall.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, a kò ti ilẹ̀kùn rárá. Inú ibẹ̀ la ń gbé oúnjẹ rẹ̀ sí, lẹ́nu ọ̀nà ní ọjọ́ kìíní, a wá ń tì í síwájú díẹ̀díẹ̀ títí abọ́ fi dé ìsàlẹ̀ pátápátá. Bí a bá ní “ìyẹ̀wù”, tó sì gbé ẹsẹ̀ síbẹ̀, ó gba ègé pánlá kékeré kan, kò tó èékánná. (Ará Òndó náà ń jẹ lára pánlá ọ̀hún, a mọ̀ ọ́n.) Lẹ́yìn náà la bẹ̀rẹ̀ sí í ti ilẹ̀kùn fún bí ìgbà tí ènìyàn fi ń ka ẹyọ kan dé ẹẹ́wàá, a ṣí i. A tì í fún ìṣẹ́jú kan, a ṣí i. A tì í, a jókòó ti kéèjì, a ń kàwé sókè sí i létí. Ajá náà ti gbọ́ nípa àrànmọ́ fáwẹ́lì ju ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní lọ.

Lóru, ẹ̀gbẹ́ mátíráàsì la gbé e sí, kì í ṣe ìdáná bí a ti kọ́kọ́ rò. Ará Ìṣẹ́yìn ti ní kí bàbá rẹ̀ fi àkísà tí ìyá ajá náà ń sùn lé ránṣẹ́ sí wa, a tẹ́ ẹ síbẹ̀. Bó bá ké, ẹni tó bá sún mọ́ ọn á ki ìka kan bọ àárín irin, á gbóòórùn rẹ̀, á lá a, á sùn.

Ibi tó le jù ni mímọ ohun tí igbe túmọ̀ sí. Bí o bá ṣílẹ̀kùn ní gbogbo ìgbà tó bá ké, o ti kọ́ ọ pé igbe ni kọ́kọ́rọ́. Bí o kò bá sì ṣí i nígbà tí ìtọ̀ ń gbọ̀n ọ́n, ìwà ìkà nìyẹn. Àwọn òru ìbẹ̀rẹ̀, ojú wa pọ́n. Ẹnì kan á ní ìtọ̀ ni, ẹnì kejì á ní irọ́ ni, àyà ló fẹ́ kí a gbé òun sí. Nígbà tó yá, a ti ń mọ̀ ọ́n. Igbe pé ẹ wá bá mi ṣeré máa ń ga, á dúró, á tún bẹ̀rẹ̀, bí ẹni ń pe ènìyàn láti òdìkejì òpópónà. Igbe ìtọ̀ kò ga. Ó rí bí ìkùn, ó sì máa ń bá yíyí po rìn. Bí a bá gbọ́ ìyẹn, gbogbo ẹni tó wà nílẹ̀ á fò dìde. A gbé e jáde, a kì í jẹ́ kó fẹsẹ̀ rìn, nítorí abẹ́rẹ́ rẹ̀ kò tíì pé, àìsàn pávò tó ń mú ọmọ ajá yàgbẹ́ ẹ̀jẹ̀ sì lè wà nílẹ̀ níbi tí ajá ìgboro ti kọjá. A wá ibì kan lẹ́yìn kànga tí ajá kankan kì í dé, a tẹ́ yanrìn tuntun síbẹ̀. Ibẹ̀ la máa ń dúró sí ní aago méjìlá òru àti aago mẹ́ta, pẹ̀lú iná fóònù, tí a ń bẹ ọmọ ajá pé, “Tọ̀, jọ̀ọ́. Tanímọ̀la, tọ̀.” Màmá á sì dáhùn láti ojú fèrèsé: “Ọlọ́run nìkan ló mọ̀ ọ́n. Ẹ jẹ́ ká sùn.”

Ọjọ́ kọkànlá, kò ké rárá lóru. A rò pé a ti ṣe é tán.

Ọjọ́ kẹrìnlá bọ́ sí Túsìdeè. Ìwé tí a lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, tí a kọ ìgbà tí kálukú máa dìde lóru sí, kò sọ̀rọ̀ ọ̀sán. Ọ̀sán, ẹni tí kò bá ní kíláàsì ló ń wá sílé. Ní ọjọ́ náà, ará Ẹ̀gbá ti i mọ́ ìyẹ̀wù ní aago mẹ́jọ àárọ̀, ó rò pé ará Òndó máa dé ní aago mẹ́wàá. Ará Òndó lọ sí láíbìrì, ó rò pé ará Ìṣẹ́yìn kò ní kíláàsì. Ará Ìṣẹ́yìn ní kíláàsì. Kò sẹ́ni tó pe ẹnì kejì. A pàdé lẹ́nu géètì ilé ní aago mẹ́rin kọjá, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, a wo ara wa, a sì mọ ohun tí a ṣe kó tó di pé ẹnikẹ́ni la ẹnu.

Màmá onílé jókòó sórí àpótí lábẹ́ fèrèsé yàrá wa, lójú oòrùn. Wọn kò dìde. “Láti aago méjìlá ni mo ti ń bá a sọ̀rọ̀ níhìn-ín,” wọ́n ní. “Nẹ́ẹ̀tì ò jẹ́ kí n ráyè gbé omi fún un. Mo pe nọ́ńbà yín, ẹ ò gbé e. Bí mo bá ti dákẹ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í fi orí gbá irin. Ìdí ẹ̀ nìyí tí n ò fi dákẹ́.” Ohùn Màmá ti há. Wọ́n wá wò wá láti òkè dé ilẹ̀. “Ṣé bí wọ́n ṣe tọ́ ẹ̀yin náà nìyẹn?”

Iná ti lọ láti àárọ̀, fáànù kò yí, yàrá gbóná bí ààrò. Tanímọ̀la dùbúlẹ̀ nínú ìgbẹ́ ara rẹ̀. Ó ti fa àkísà ìyá rẹ̀ ya, ó ti dojú omi dé, èékánná ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ méjì ń ṣẹ̀jẹ̀ níbi tó ti ń họ irin. A ṣílẹ̀kùn, kò jáde. Ìyẹn ló pa wá. Ajá tó máa ń fò mọ́ wa, tí ìrù rẹ̀ á máa gbá abọ́ dànù, ó wò wá, ó sì yíjú sí ògiri. Ará Ìṣẹ́yìn gbé e jáde bí a ṣe ń gbé ọmọ tó ń ṣàìsàn. A fi omi tútù pa á lára, a fi ìka kán omi sí i lẹ́nu. Ará Òndó, ẹni tó ń fi gbogbo nǹkan ṣẹ̀fẹ̀, ló ń fọ kéèjì lẹ́yìnkùlé pẹ̀lú Izal, kò sì wọlé fún ìgbà pípẹ́.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, a ní “ìyẹ̀wù”, Tanímọ̀la sá wọ abẹ́ tábìlì ìdáná. A ju pánlá síbẹ̀. Kò wo pánlá. Ọ̀rọ̀ tí a fi ọ̀sẹ̀ méjì kọ́ ọ ti di ọ̀rọ̀ mìíràn sí i létí láàárín wákàtí mẹ́jọ.

Ará Ìṣẹ́yìn pe bàbá rẹ̀. Ó fẹ́ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n wá gba ajá wọn padà. Ó gbé fóònù sókè kí gbogbo wa lè gbọ́. Ó ròyìn gbogbo rẹ̀, kò fi ọ̀kan pamọ́. Bàbá dákẹ́ títí, a rò pé iná fóònù wọn ti tán.

“Bí ààrá bá sán, ibo ló ń sá sí?”

“Abẹ́ tábìlì ni, Bàbá.”

“Ìyá rẹ̀ níhìn-ín, abẹ́ àká ló ń sá sí. Ibẹ̀ ṣókùnkùn, ibẹ̀ há. Ẹ̀yin gbé irin sójú gbangba, ẹ ní kó wá sùn níbẹ̀. Ìwọ lè sùn láàárín ọjà?”

“Rárá, sà.”

“Ẹ jẹ́ kó sinmi. Ẹ má pè é. Ẹ ti jẹ gbèsè, ẹ ẹ́ san án díẹ̀díẹ̀. Tí ẹ bá sì tún tì í mọ́lé bẹ́ẹ̀, èmi fúnra mi máa wá mú un.”

A yọ ilẹ̀kùn kéèjì náà kúrò pátápátá, a gbé e sábẹ́ àga. A gbé kéèjì fúnra rẹ̀ sábẹ́ tábìlì ìdáná, a fi àdìrẹ àtijọ́ kan tó jẹ́ ti ìyá ará Ẹ̀gbá bo orí àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, a fi iwájú sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́. A rán àkísà tó ya, a tẹ́ ẹ padà. Lẹ́yìn náà a kò sọ nǹkan kan mọ́. Ọjọ́ mẹ́ta, kò dé ibẹ̀. Ọjọ́ kẹrin, ó na ọrùn wọ ibẹ̀, ó gbóòórùn àkísà, ó jáde. Ní gbogbo àkókò yìí, òun ń tọ̀ káàkiri yàrá, àwa ń nu ún, oṣù Màmá ń lọ.

Màmá kò tún dárúkọ oṣù náà. Ọjọ́ kejì ìṣẹ̀lẹ̀ yẹn ni wọ́n na ọwọ́, wọ́n ní, “Kọ́kọ́rọ́ dà?” A kò lóye. “Kọ́kọ́rọ́ yàrá yín, ẹ mú ọ̀kan wá. Ní aago mọ́kànlá àti aago kan, èmi ni n ó máa mú un jáde. Ẹ̀yin ẹ máa kàwé yín.” A fẹ́ dúpẹ́, wọ́n ní àwọn kò ṣe é nítorí tiwa.

Òru ọjọ́ kẹrìnlélógún ni òjò àkọ́rọ̀ ńlá rọ̀. Ẹni tó mọ òjò oṣù kẹta ní Ìbàdàn mọ̀ pé ìjì àti ààrá ló ń ṣíwájú rẹ̀. Ààrá kìíní sán, gbogbo wa jí. Ààrá kejì sán, a gbọ́ tí èékánná ń sáré lórí simẹ́ńtì nínú òkùnkùn, a sì gbọ́ tí abọ́ kan mì lábẹ́ tábìlì. Ará Òndó tan iná fóònù. Kò sí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kò sí lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó rọra gbé etí àdìrẹ sókè. Tanímọ̀la ti ká ara rẹ̀ jọ sórí àkísà, imú rẹ̀ wà lábẹ́ ìrù, ó ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀. A pa iná. Kò sẹ́ni tó sọ “káre”, kò sẹ́ni tó na pánlá. Ẹni tó bá ti wọ ìyẹ̀wù, a kì í tẹ̀ lé e débẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà kí a tó dá ilẹ̀kùn padà, a sì bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹyọ kan dé ẹẹ́wàá bí ti ìjọ́sí. Ìwé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ti ní ọ̀sán nínú báyìí, ẹni tó bá sì ti i mọ́bẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ aago tó tì í síbẹ̀, kó sì pe ẹni tó máa ṣí i lórí fóònù kó tó jáde nílé. Ó gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi nígbà tó pé oṣù mẹ́ta. Ó ti jẹ bàtà mẹ́rin. Olè kò tíì padà wá, ṣùgbọ́n a ò lè fi ìyẹn yangàn, nítorí gbogbo ẹni tó ń kọjá lójú fèrèsé ló ń rọ́jú ṣọ̀rẹ́ pẹ̀lú.

Oṣù keje la wà yìí, ó ti pé oṣù mẹ́fà. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, a tú wáyà, a yọ pákó àárín kúrò, torí pé orí rẹ̀ ti ń kan ìsàlẹ̀ nígbà tó bá na ara. Jórinjórin ló gba ìdáhùn nìyẹn. Tanímọ̀la gbóòórùn ààyè tuntun náà, ó rìn dé òpin rẹ̀, ó padà, ó sì dùbúlẹ̀ sí ìdajì tó mọ̀, ó fi ìyókù sílẹ̀ bí ẹni pé pákó ṣì wà níbẹ̀.

Ará Ẹ̀gbá àti ará Ìṣẹ́yìn máa jáde ilé ẹ̀kọ́ lọ́dún yìí, àgùnbánirọ̀ ló kàn, a kò sì mọ ìpínlẹ̀ tí wọ́n máa rán kálukú lọ. Ará Òndó ṣì ní ọdún kan sí i, kò sì lè dá owó yàrá náà san. A ti ń sọ ọ́ láàárín ara wa lóru, ní ohùn ìsàlẹ̀, bóyá Ìṣẹ́yìn ni ajá máa padà sí. Láàárọ̀ àná ni Màmá wá mú un jáde ní aago mọ́kànlá, tí wọ́n bá wa nílé. Wọ́n wo àwọn páálí tí a ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìwé sí. Wọ́n wo kéèjì lábẹ́ tábìlì.

“Ẹ máa kó ẹrù yín,” wọ́n ní. “Ìyẹn, ẹ má gbé e níbẹ̀ o.”

Wọ́n wá pè é, “Tanímọ̀la,” wọ́n sì dá ara wọn lóhùn, ajá sì tẹ̀ lé wọn jáde.